Ta Ni Yóò Ka Gẹ̀ẹ́sì Tí Ọmọ Kétu Kọ?

Ọmọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ CEG ní Kétu, bí wọ́n ṣe ń pe ilé-ẹ̀kọ́ girama ìjọba ní Ilẹ̀ Olómìnira Bẹ̀nẹ̀, ti ní èdè méjì lẹ́nu kí Gẹ̀ẹ́sì tó bá a. Yorùbá ni ìyá rẹ̀ fi tọ́ ọ, Faransé ni wọ́n fi kọ́ ọ ní ìṣirò. Ọdún àkọ́kọ́ ní girama ni wọ́n ń fi Gẹ̀ẹ́sì kún un, yóò sì máa bá a yí títí dé ìdánwò BEPC lópin ọdún kẹrin, àti títí dé BAC lópin ọdún keje. Ọdún méje pọ̀. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń gba BAC tán tí wọn kò lè fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ojú-ìwé kan péré nípa ìlú tí wọ́n ti bí wọn. Kì í ṣe pé wọn kò lórí pípé. Wọ́n lè ka àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ẹni ń ki oríkì. Ohun tí wọn kò rí ni ẹni tí wọn yóò fi wọ́n bá sọ̀rọ̀.

Ohun tó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ẹni náà kò jìnnà. Ẹni tó bá gun ọ̀kadà láti Kétu ní òwúrọ̀ yóò ti wà ní Ìmẹ̀kọ, ní Nàìjíríà, kí oòrùn tó kan àtàrí. Lábẹ́ Alákétu, ọba Kétu, ni Ìmẹ̀kọ wà kí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé tó fọwọ́ sí àdéhùn ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889, tí wọ́n fi la ilẹ̀ yẹn sí méjì. Ọ̀jọ̀gbọ́n Anthony Asiwaju, tí í ṣe ọmọ Ìmẹ̀kọ, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí nípa ohun tí ààlà náà dá sílẹ̀. Ìwé rẹ̀ lórí ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá lábẹ́ ìjọba àwọn ará Yúróòpù jáde ní 1976. Láti ìgbà tí wọ́n ti la ilẹ̀ náà ni ọmọ ìyá kan ti ń ka Gẹ̀ẹ́sì ní apá kan, tí èkejì ń ka Faransé ní apá kejì. Nítorí náà, Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè òkè òkun nìkan fún ọmọ Kétu. Èdè tí ìbátan rẹ̀ fi ń ṣe ìdánwò WAEC ni. Èmi gbà pé bí kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì ní Kétu, ní Pobè tàbí ní Sakété bá lè rí òǹkàwé gidi sí òdìkejì ààlà, ìwé kíkọ yóò yí padà lójú àwọn ọmọ náà.

Ẹ wo bí iṣẹ́ àròkọ ṣe sábà máa ń rí. Olùkọ́ á kọ àkòrí sójú pátákó: kọ lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ rẹ ní London, kí o sọ bí o ṣe lo ìsinmi rẹ. Ọmọ náà kò ní ọ̀rẹ́ kankan ní London. Oko ló bá bàbá rẹ̀ lọ nígbà ìsinmi, ṣùgbọ́n ó ti mọ̀ pé ìsinmi etí òkun ni ìwé ẹ̀kọ́ ń sọ, yóò sì pa irọ́ etí òkun náà kí iṣẹ́ rẹ̀ lè jọ ti inú ìwé. Ẹnì kan ṣoṣo ni yóò ka lẹ́tà yìí: olùkọ́ tó ní àádọ́ta irú rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ níwájú, tó ń fi bíròó pupa sáré fàlà sábẹ́ àṣìṣe. Kì í kà á láti mọ nǹkan kan. Kò sí ẹni tí yóò fèsì, kò sí ẹni tí yóò ní kò yé òun. Ibẹ̀ ni ìfẹ́ ọmọ sí ìwé kíkọ ti ń kú, kí ó tó kan pé gírámà le.

Ní 2004, Jennifer Fredricks, Phyllis Blumenfeld àti Alison Paris kọ iṣẹ́ kan tí àwọn tó ń ṣèwádìí nípa ìfarajìn akẹ́kọ̀ọ́ kò yé tọ́ka sí títí di òní. Wọ́n ní ohun mẹ́ta ni kí a máa wò lára ọmọ: ohun tó ń ṣe, bí ẹ̀kọ́ náà ṣe rí lára rẹ̀, àti bó ṣe ń ronú jinlẹ̀ tó. Johnmarshall Reeve wá fi ìkẹrin kún un lẹ́yìn náà, pé ọmọ tó fara jìn ní tòótọ́ máa ń bá olùkọ́ tún ẹ̀kọ́ ṣe, á sọ ohun tó wù ú, á dá àbá, á béèrè. Ó yẹ kí àwọn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ wa ronú sí èyí dáadáa, nítorí kíláàsì tó dákẹ́ rọ́rọ́, tí gbogbo orí tẹ̀ sórí ìwé, ni wọ́n máa ń yìn. Ọwọ́ ọmọ lè máa kọ̀wé kí ọkàn rẹ̀ wà lórí pápá. Ní ti àròkọ pàápàá, ìrònú ni ìdánwò tó le jù. Ọmọ tó ń da gbólóhùn orí pátákó kọ kò ronú nípa ohunkóhun, bó ti wù kí ìwé rẹ̀ mọ́ tó.

Ọ̀nà ìkọ́ni tó lè fún ọmọ ní òǹkàwé gidi, tó sì lè mú un ronú, kì í ṣe tuntun. Iṣẹ́ àkànṣe ni a lè pè é: kí àwọn ọmọ jọ dáwọ́ lé ohun kan tó lópin, kí wọ́n ṣe é fún ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí ohun gidi sì jáde lọ́wọ́ wọn níkẹyìn. John Dewey ti dá ilé-ẹ̀kọ́ tó fi ń dán irú èrò yìí wò sílẹ̀ ní Chicago ní 1896, William Heard Kilpatrick sì kọ àpilẹ̀kọ rẹ̀ tó lókìkí lórí rẹ̀ ní 1918. Ní 1986, Diana Fried-Booth kọ odindi ìwé kan fún àwọn olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì lórí bí wọ́n ṣe lè lò ó fún àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ àjèjì sí.

Ṣùgbọ́n ẹni tí mo máa ń rántí jù ni Célestin Freinet, olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní abúlé Bar-sur-Loup ní gúúsù ilẹ̀ Faransé. Ó ti fara gbọgbẹ́ ní ẹ̀dọ̀fóró nínú Ogun Àgbáyé Kìíní, kò sì lè dúró sọ̀rọ̀ pẹ́ títí níwájú kíláàsì. Dípò kí ó máa dá sọ̀rọ̀, ó kó àwọn ọmọ jáde lọ wo iṣẹ́ ọwọ́, oko àti odò. Bí wọ́n bá padà dé, wọn á kọ ohun tí wọ́n rí. Ní nǹkan bí 1924 ó wá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kékeré kan sí kíláàsì. Àwọn ọmọ á dìbò yan èyí tó dára jù nínú ohun tí wọ́n kọ, wọn á jọ tún un ṣe, wọn á to lẹ́tà rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọn á tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwé wọn ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Trégunc, ní Brittany, ìpẹ̀kun kejì orílẹ̀-èdè náà, àwọn yẹn sì ń fi tiwọn ránṣẹ́ padà. Ọmọ tó bá ń to lẹ́tà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ní fẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan ṣòfò. Ọmọ tó bá sì mọ̀ pé ẹni tí kò rí òkè ìlú òun rí ni yóò ka ìwé òun, yóò ṣàlàyé òkè náà títí yóò fi yé e.

Ilẹ̀ tiwa náà ní ìtàn tó jọ èyí, ó sì yẹ kí àwọn olùkọ́ wa mọ̀ ọ́n ju bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ William Ponty ní Senegal, níbi tí ìjọba Faransé ti ń kó àwọn ọ̀dọ́kùnrin jọ láti gbogbo ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tó wà lábẹ́ rẹ̀, àwọn ọmọ Dahomey, bí wọ́n ṣe ń pe Bẹ̀nẹ̀ nígbà náà, wà nínú wọn, wọ́n ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní iṣẹ́ ìsinmi ní àwọn ọdún 1930 àti 1940. Kí kálukú padà sí ìlú rẹ̀, kí ó lọ bá àwọn àgbà, kí ó wádìí àṣà kan, ìgbéyàwó, oúnjẹ, ìsọmọlórúkọ, iṣẹ́ ọwọ́, kí ó sì kọ ọ́ ní èdè Faransé. Ìwé tó lé ní 700 ló kù lónìí ní ibi ìkówèésí ilé ìwádìí IFAN ní Dakar. Mo mọ̀ pé ìjọba amúnisìn ní ète tirẹ̀. Ó fẹ́ mọ àwọn tó ń ṣàkóso lé lórí, ó sì fẹ́ kí àwọn ọ̀mọ̀wé rẹ̀ má gbéra ga kọjá abúlé wọn. Àmọ́ ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí ìwé náà. Ọ̀dọ́ tí èdè Faransé kì í ṣe tirẹ̀ ní láti wá ọ̀rọ̀ fún ohun tí kò sí ẹni tó kọ ọ́ rí ní Faransé. Kò rí ìwé tí yóò dà kọ. Òun gan-an ni ó mọ ohun tó ń sọ, olùkọ́ rẹ̀ ni kò mọ̀ ọ́n. Ìyípadà yìí, kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ nǹkan kí òǹkàwé máà mọ̀ ọ́n, ni mo rò pé ó yẹ kí a wá fún ọmọ Kétu.

Kí ni iṣẹ́ náà lè jẹ́? Ìwé kékeré ní Gẹ̀ẹ́sì, ojú-ìwé bí ogún, fún ọmọ girama láti Ìmẹ̀kọ tó ń bọ̀ wá sí Kétu fún ìgbà àkọ́kọ́. Kí ni àlejò bẹ́ẹ̀ fẹ́ mọ̀? Àwọn ọmọ ni kí olùkọ́ bi, kí wọ́n sì jiyàn lórí rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Reeve ti ń di òtítọ́. Yóò fẹ́ mọ ibi tí yóò ti pààrọ̀ náírà sí sẹ́fà, àti ohun tí yóò rà jẹ. Yóò fẹ́ mọ ìtàn Àkàbà Ìdẹ́nà, ẹnubodè odi ìlú tó ṣì wà níbẹ̀, àti bí ogun ọba Dahomey ṣe kó Kétu ní 1886. Yóò fẹ́ mọ̀ nípa Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí UNESCO kéde ní 2001 pé ó jẹ́ ìṣúra gbogbo ayé, tí Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò jọ ni ín. Ẹgbẹ́ kan á mú odi, òmíràn á mú ọjà, òmíràn á mú Gẹ̀lẹ̀dẹ́, òmíràn á mú bí a ṣe ń ti ẹnubodè wọlé.

Kí àwọn ọmọ tó lọ bá àgbà, wọn á kọ ìbéèrè wọn sílẹ̀. Wọn á kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀ kí wọn, wọn á fi Yorùbá béèrè, wọn á fi Yorùbá kọ ìdáhùn sínú ìwé àjákọ. Bí wọ́n bá dé kíláàsì ni wàhálà rere bẹ̀rẹ̀. Báwo ni a ṣe ń sọ èyí ní Gẹ̀ẹ́sì? Ṣé òǹkàwé ní Ìmẹ̀kọ mọ ohun tí à ń pè bẹ́ẹ̀, àbí kí a ṣàlàyé? Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kì í jáde láti ẹnu ọmọ tó ń kọ lẹ́tà sí London.

Gírámà kò sá lọ. Ńṣe ló wá rí àyè tirẹ̀. Ẹgbẹ́ tó ń júwe ọ̀nà láti ẹnubodè dé ọjà kò lè ṣe é láìlo gbólóhùn àṣẹ: yà sí ọwọ́ ọ̀tún, kọjá ọgbà. Ẹgbẹ́ tó ń sọ nípa ogun 1886 kò lè yẹra fún ọ̀rọ̀-ìṣe ohun tó ti kọjá, èyí tó máa ń ṣòro fún ọmọ Yorùbá nítorí pé ọ̀rọ̀-ìṣe tiwa kì í pa àwọ̀ dà nítorí ìgbà. Ẹgbẹ́ tó ń sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe gàrí yóò bá gbólóhùn tí kò dárúkọ olùṣe pàdé. Nígbà tí olùkọ́ bá rí i pé ẹgbẹ́ mẹ́ta ti pe ìyá àgbà ní «he», nítorí «ó» kan náà ni Yorùbá ń lò fún ọkùnrin àti obìnrin, ó lè dá iṣẹ́ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ó kọ́ gbogbo kíláàsì. Wọn á gbọ́, nítorí wọn kò fẹ́ kí ará Ìmẹ̀kọ fi wọ́n ṣẹ̀sín.

Ní ti àtúnṣe, èmi wà pẹ̀lú àwọn tó sọ pé kí a dín bíròó pupa kù. Ní 1996, John Truscott kọ̀wé pé títún gírámà ṣe nínú ìwé àwọn tó ń kọ́ èdè àjèjì kò wúlò rárá, ó tiẹ̀ lè ṣe wọ́n níbi. Dana Ferris dá a lóhùn ní 1999 pé ó ti sọ ọ̀rọ̀ náà ju bó ṣe yẹ lọ. Ìjà náà kò tíì parí láàárín àwọn ọ̀mọ̀wé. Ohun tí mo rí mú níbẹ̀ ni pé kí ìwé àkọ́kọ́ jẹ́ ti ọ̀rọ̀: ṣé ó yé mi, kí ló kù? Kí ìkejì jẹ́ ti ètò. Ìgbà tó bá ku díẹ̀ kí ìwé jáde ni kí a wá gbá àṣìṣe kúrò, nítorí ìgbà náà ni ọmọ fúnra rẹ̀ fẹ́ kí ìwé rẹ̀ mọ́.

Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ló ń sá fún iṣẹ́ ẹgbẹ́ nítorí pé Yorùbá ni àwọn ọmọ ń sọ bí wọ́n bá ti kóra jọ. Ní ìhà méjèèjì ààlà ni wọ́n ti ń fìyà jẹ ọmọ nítorí pé ó sọ èdè ìyá rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́, tí wọ́n á gbé ohun ìtìjú kọ́ ọ lọ́rùn tàbí kí wọ́n gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwà yìí bí mi nínú. Láàárín 1970 sí 1978, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe iṣẹ́ kan tó dá dúró lábẹ́ olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dáadáa. Àwọn ọmọ náà kò kẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ tó bá fi Yorùbá jiyàn lórí bóyá kí ìtàn ogun ṣáájú ìtàn odi ti ń ṣe iṣẹ́ òǹkọ̀wé. Kí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èdè ohun tó ń jáde lọ sọ́dọ̀ òǹkàwé. Ìyẹn tó.

N kò ní sọ pé gbogbo ọmọ ni yóò fẹ́ràn rẹ̀. Gulbahar Beckett ṣèwádìí láàárín àwọn ọmọ girama tí ìdílé wọn wá láti ilẹ̀ Ṣáínà àti agbègbè rẹ̀ sí Kánádà, ó tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2002, ó sì rí i pé àwọn tó gbádùn iṣẹ́ àkànṣe láìní àròyé kò pọ̀. Àwọn kan ní ọkàn méjì sí i, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni kò fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn wá kọ́, láti ẹnu olùkọ́ àti láti inú ìwé, pé iṣẹ́ yìí ń gba àkókò àwọn. N kò dá wọn lẹ́bi. Àwọn òbí wa náà yóò bi olùkọ́ pé ṣé èyí wà nínú BEPC. Ẹ̀tọ́ wọn ni kí ó fi hàn wọ́n. Ètò ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ girama ní Bẹ̀nẹ̀ ní nǹkan bí 2005 ti ní kí a máa fi ohun tí ọmọ lè fi ìmọ̀ rẹ̀ ṣe díwọ̀n ẹ̀kọ́ rẹ̀, kì í ṣe ohun tó há sórí nìkan. Kí olùkọ́ fi ìwé àjákọ ọmọ kan hàn àwọn òbí níbi ìpàdé, láti ìwé àkọ́kọ́ dé ìkẹta.

Ìṣòro àkọ́kọ́ gan-an nínú iṣẹ́ ẹgbẹ́ ni ti ọmọ mẹ́rin tó sùn lé ọmọ kan lọ́rùn. Kálukú ní láti ní ojú-ìwé tirẹ̀ tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, orúkọ rẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, kí máàkì rẹ̀ sì ti ibẹ̀ wá. Ìkejì ni ti fóònù. Láti ìgbà tí ChatGPT ti jáde lópin 2022, ọmọ tó ní dátà lè gba àròkọ tó dán láàárín ìṣẹ́jú kan, Google sì ti ń túmọ̀ Faransé sí Gẹ̀ẹ́sì tipẹ́. Iṣẹ́ tó ti ẹnu àgbà àdúgbò wá kò sí nínú ẹ̀rọ, ìyẹn ràn wá lọ́wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó. Kí olùkọ́ máa gba ìwé àjákọ tó ní àtúnṣe lára, kí ó jókòó ti ọmọ fún ìṣẹ́jú méjì, kí ó ní: ka èyí fún mi, sọ ìdí tí o fi kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ìkẹta, ẹ jọ̀wọ́, kí iṣẹ́ àkànṣe má di iṣẹ́ páálí. Mo ti rí púpọ̀ tó jẹ́ pé òbí ló ra páálí, ẹ̀gbọ́n ló yàwòrán, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, ọ̀rọ̀ tí ọmọ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ níbẹ̀ kò pé ìlà mẹ́ta. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀kọ́ àròkọ.

Owó tí iṣẹ́ náà yóò ná ilé-ẹ̀kọ́ kò pọ̀: ìwé àjákọ, ẹ̀dà fọ́tòkọ́pì bíi mẹ́wàá, àti ẹnì kan tó ń lọ ọjà Ìmẹ̀kọ tí yóò bá wọn mú ìwé náà dání. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ méjèèjì ní láti mọ̀ sí i kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì ti dá ọjọ́ tí ìwé yóò dé. Kí àwọn ọmọ Ìmẹ̀kọ náà má jókòó lásán. Faransé wà nínú ẹ̀kọ́ tiwọn, ó sì le fún wọn bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe le fún àwọn ará Kétu. Nàìjíríà ti ní abúlé èdè Faransé ní Àjàrà lẹ́bàá Badagry, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ti ń lọ gbé kí Faransé lè dá ṣáká lẹ́nu wọn. Àwọn ọmọ girama ní Ìmẹ̀kọ kò nílò láti rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n fi Faransé kọ ìwé nípa Ìmẹ̀kọ fún àwọn ará Kétu, kí wọ́n sì fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ìbéèrè márùn-ún sẹ́yìn ìwé tí Kétu fi ránṣẹ́, nípa ibi tí kò yé wọn. Ìbéèrè márùn-ún yẹn ni kí olùkọ́ Kétu gbé sójú pátákó lọ́jọ́ tí ó bá dé, dípò àkòrí inú ìwé, kí ẹgbẹ́ tí ọ̀rọ̀ kàn sì padà lọ bá bàbá tó sọ ìtàn odi fún wọn.